Táyà Tó Le

Bí ohùn mi bá ròkè, ẹ má bínú, báyìí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti fi ogún ọdún ta táyà ọ̀kadà ní Múṣin, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lọ́tùn-ún, tí àwọn oníwẹ́dà ń lu irin lósì, kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Sàúdátù lorúkọ mi. Bàbá mi, Àkàngbé, ló fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Tíṣà ni, Adéníran, ọkọ Christabel.

Ọmọ Òtò ni Adéníran. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì kàwé gboyè. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Sùúrùlérè. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún. Bó bá fẹ́ kí èèyàn, á kọ́kọ́ dúró ṣánṣán, á wá tẹrí ba díẹ̀. Ní ọdún 1994 tí mò ń sọ yìí, owó oṣù tíṣà kì í wọlé déédéé. Oṣù méjì á kọjá, oṣù mẹ́ta á kọjá, kò sí nǹkan kan. Ni Tíṣà bá wá máṣíìnì àlòkù kan rà, ó di ọlọ́kadà.

Láàárọ̀, á gbé ìyàwó rẹ̀ láti Ìdí-Òrò lọ sí Yábàá, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Á wá gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, á bọ́ táì rẹ̀ sápò, á fa fìlà wálẹ̀ dé ojú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Ojúẹlẹ́gbà. Lọ́jọ́ kan, bàbá ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló pàṣẹ fún un: "Ìwọ ọlọ́kadà, dúró ńbẹ̀!" Tíṣà ní, "Yẹ́sà," ó sì dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nínú ìsọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, èmi ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo mọ Christabel náà. Á jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, á kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì sórí itan, á fi ọwọ́ kan di ìwé mú, á fi èkejì di ọkọ rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá kọjá níwájú ìsọ̀ mi, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà." Kò fo ìkíni yẹn rí, kódà lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ ò bá dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ táyà díẹ̀, torí bí ò bá yé yín, ẹ ò ní mọ ohun tí mo ṣe. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ẹrù, eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn. Táyà iwájú ló ń gbọ́rọ̀ sí ọwọ́ lẹ́nu. Ibi tí ọwọ́ bá yí sí ló gbọ́dọ̀ lọ. Bí tẹ̀yìn bá yọ̀, èèyàn ṣì lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kó dúró. Bí tiwájú bá yọ̀, ó parí. Bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa fi èékánná àtàǹpàkò tẹ rọ́bà. Bí èékánná bá wọlé díẹ̀, tí ojú ibẹ̀ sì padà sípò, rọ́bà náà wà láàyè, á di títì mú nínú òjò. Bí èékánná ò bá wọlé rárá, ó ti kú nìyẹn. Ó lè pẹ́ lọ́dún márùn-ún lẹ́sẹ̀ ọ̀kadà kó má jẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kan ilẹ̀ báyìí, ọṣẹ ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà ò gbà. Àwa Yorùbá, ohun tó bá le là ń yìn. Bí a bá kí ara wa, ṣebí "Ṣé ara le?" là ń bèèrè. Bí oníbàárà bá tẹ táyà, tó sì rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á yínmú, á ní, "Èyí tó le ni mo fẹ́." Bó bá wá tẹ èyí tó ti kú, tó gan bíi pákó, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí le!" Ojoojúmọ́ ni mò ń bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti sú mi pátápátá.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, Tíṣà gbé máṣíìnì dé. Táyà iwájú rẹ̀ ti dán bí orí apárí. Mo gbé tuntun kan fún un, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí irun rọ́bà wínníwínní ṣì wà lára rẹ̀. Tíṣà fa rúlà yọ nínú àpò, ó tì í bọ àárín eyín táyà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń máàkì ìwé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ó wá fi èékánná tẹ ẹ́, èékánná wọlé. Ló bá gbójú sókè.

Ohun tó rí lókè ni táyà tí mo fi kọ́ sójú ìsọ̀ kí àwọn èèyàn lè mọ ohun tí mò ń tà. Gbogbo onítáyà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni oòrùn ti ń sè é lórí irin yẹn. Tíṣà ga, ọwọ́ rẹ̀ tó o níbi tó wà. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, eyín rẹ̀ jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tẹ ẹ́, kò wọlé.

"Àǹtí, èyí ni mo fẹ́."

"Tíṣà, ìyẹn kì í ṣe títà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ló dáa."

"Kí ló ṣe tòkè?"

"Mo ní èyí ló dáa!"

Ìdáhùn tí mo fún un nìyẹn. Olùkọ́ ni, ó bi mí ní ìbéèrè, ká ní mo ṣàlàyé fún un, á gbọ́. Gbólóhùn kan péré ni: oòrùn ti pa á, á yọ̀ nínú òjò. Mi ò sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí, ìyàwó mi ló ń jókòó sẹ́yìn mi láràárọ̀. Mi ò fẹ́ nǹkan tó máa já mi kulẹ̀ lójú títì. Èyí rọ̀ jù, oṣù mẹ́ta ló máa fi jẹ tán." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí ẹ fẹ́ kí n tètè padà wá ra òmíràn ni?"

Há! Orí mi gbóná. Èmi, ọmọ Àkàngbé! Nínú ìsọ̀ bàbá mi, wọ́n fi ẹ̀rín músẹ́ pè mí lólè! Mo mú ọ̀pá, mo já táyà yẹn wálẹ̀. Eruku bò ó. Mo ki àkísà bọ inú pólíìṣì bàtà dúdú, mo nù ún, mo nù ún, títí ó fi ń dán gbinrin, ìbínú ni mo fi ń nù ún. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbà. Ó le."

Mi ò parọ́. Ó le lóòótọ́.

Ṣàfíù, fọganáísà tó ń lẹ táyà níwájú ìsọ̀ mi, ló bá a wọ̀ ọ́. Táyà náà gan débi pé irin méjì ló fi fipá gbé e wọnú ríìmù. Ó gbójú wò mí. "Àǹtí, ṣé èyí náà ni?"

Mo ní, "Ṣe iṣẹ́ ẹ, jàre!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé díẹ̀, òjò ò rọ̀. Bí Tíṣà bá ń kọjá, á fọn fèrè, á ní, "Àǹtí, táyà yín ò jẹ o!" Màá juwọ́ sí i. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n pè é, kí n pààrọ̀ rẹ̀ fún un kí òjò tó dé. Kí ló dá mi dúró? Mò ń retí kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣẹ̀ mí.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdé kan nínú oṣù kẹta. Kì í ṣe òjò ńlá. Ó kàn po eruku àti ọ́ìlì ojú títì pọ̀ ni. Ní Yábàá, níbi tí ojú irin rélùwéè ti dábùú títì, Tíṣà rọra ń lọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Táyà iwájú gun irin tó tutù, ó sì yọ̀ lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ wọn jù. Èjìká Tíṣà ló ṣẹ́. Christabel ò dé ọsibítù láàyè.

Wọ́n gbé máṣíìnì náà wá fún Ṣàfíù kó bá wọn na ríìmù rẹ̀. Ó yí ẹsẹ̀ iwájú, ó wò ó yíká, ó fi èékánná tẹ ẹ́.

"Àǹtí," ó ní, "táyà yìí ò tíì jẹ rárá." Kò wo ojú mi. Mo wọ inú ìsọ̀ lọ, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó lè lọ sílé wọn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sórí láti Múṣin: Ẹ dárí jì mí, mo mọ̀ pé táyà yẹn ti kú, mo mọ̀ kí n tó tà á. Ìyá Christabel ló jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, àwọn ìwé ọmọ kíláàsì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ wọn lára. Bí mo ṣe wọlé, Tíṣà dìde tòun ti apá tí wọ́n so kọ́ ọrùn, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹni tí mo sọ fún yín nìyí. Obìnrin yìí kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí n má ra táyà yẹn, èmi ni mo fi agídí rà á. Mo tún sọ̀rọ̀ sí i." Ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

Màmá na ọwọ́ méjèèjì, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ mi tí dúdú táyà kì í tán lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "O gbìyànjú. Olúwa á san ẹ́ lẹ́san rere."

Mo la ẹnu. Tíṣà ń wò mí, Màmá ń wò mí.

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, Mà."