Kí Iyè Àjíkẹ́ Tó Ra

Ilé tí Bùsàrí káfíńtà kan òrùlé wọn láti Igbó Ẹfọ̀n dé Ṣàngótẹ̀dó kò lóǹkà. Ọmọ Ìwó ni. Kò pẹ́ tí wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ kọjá sí Ẹ̀pẹ́ ni òun àti Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kó wá sí Ajah, tí wọ́n ń gbé ilé pákó létí ọ̀sà. Nígbà tí ọwọ́ wọn ròkè díẹ̀, wọ́n kó lọ sí Addo. Níbẹ̀ ni Àjíkẹ́ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó ń rán kọ́tìnì fún àwọn onílé tuntun. Bí Bùsàrí bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, á sì ro gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn tó tó o.

Àjíkẹ́ ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ láàárọ̀, á tún un sọ lọ́sàn-án bí ọ̀rọ̀ tuntun. Lọ́jọ́ kan ó lọ wọn fèrèsé oníbàárà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, kò mọ ilé ẹni tó ti wọ̀n ọ́n. Bùsàrí bá a níbi tó jókòó sí, tó di téèpù mú.

Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni. Ó wu Bùsàrí kó gbà bẹ́ẹ̀. Ṣèyílọ́lá ọmọ wọn, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ṣàngótẹ̀dó, ni kò gbà.

"Bàbá, báyìí gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá màmá. Kí wọ́n tó kú, wọn ò mọ ọmọ tí wọ́n bí mọ́. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ wò ó."

Ilé ìwòsàn kan wà ní Lẹ́kí tó ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ. Dókítà Tèmítáyọ̀, obìnrin kan tí kò ju Ṣèyílọ́lá lọ, kọ́kọ́ bi Àjíkẹ́ ní ìbéèrè, ó ní kó ya aago sórí ìwé. Lẹ́yìn náà wọ́n tì í wọnú ẹ̀rọ ńlá tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àgbá omi. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀. Nígbà tí Àjíkẹ́ jáde, ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ńṣe ló dà bíi pé ẹ̀ ń kan páànù lórí mi." Bùsàrí rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, dókítà gbé àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà. Ó ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà kan tó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti fi àwòrán ọpọlọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kọ́ kọ̀ǹpútà náà, ti àwọn tí iyè wọn ti ra àti ti àwọn tí ara wọn dá, títí ó fi mọ ìyàtọ̀ tí ojú èèyàn kì í tètè rí.

"Ṣé ẹ̀rọ ló wá ń dájọ́ fún wa báyìí?" Bùsàrí béèrè.

"Rárá o, bàbá. Ó kàn nàka sí ibi tó yẹ ká wò ni. Èmi àti ọ̀gá mi ti wò ó fúnra wa, a sì ti fi ìdáhùn màmá kún un. Ibi tí ọpọlọ ń kó ọ̀rọ̀ tuntun pamọ́ sí ti ń súnkì. Àrùn iyè ríra ni, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni."

Ó ní kò sí oògùn tí yóò wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ wà. Àǹfààní títètè mọ̀ ni pé màmá ṣì lè fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Àjíkẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èwo ni màá kọ́kọ́ gbàgbé?"

"Ti àná ló máa ń kọ́kọ́ lọ, màmá. Ti àtijọ́ máa ń pẹ́."

Nígbà tí wọ́n délé, ó ń ṣe Bùsàrí bíi kó rí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Ìgbà yẹn ló yé e pé ẹni tó máa ń sọ irú rẹ̀ fún gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún bá. Ó jáde, ó dúró lẹ́yìn ilé títí.

Nígbà tó yá, Àjíkẹ́ béèrè ohun tó wù ú jù.

"Ẹ mú mi lọ síbi tí a kọ́kọ́ gbé."

"Àjíkẹ́, ibẹ̀ ò sí mọ́. Ẹ́sítéètì ni wọ́n kọ́ síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà mú mi lọ."

Sìkiọ́rítì dá wọn dúró lẹ́nu géètì, àfìgbà tí Bùsàrí pe onílé kan tó ti bá tún òrùlé ṣe. Nínú lọ́hùn-ún, ìńtálọ́ọ̀kì ló bo ilẹ̀, ògiri gíga sì dí ọ̀sà mọ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Àjíkẹ́ ń rìn bí ẹni tó ń lọ sínú yàrá ara rẹ̀.

"Ibí ni kànga wà. Ibí lẹ ti já bọ́ lórí àkàbà, tí ẹ ní kò dùn yín. Ibí ni ìjì ti ká òrùlé kúrò lórí wa, tí a na ẹní sórí Ṣèyí títí òjò fi dá. Ẹ ń sunkún, ẹ ní òjò ni."

Bùsàrí kò rántí pé òun já bọ́. Kò rántí ẹkún kankan. Ó wá rí i pé òun ti fi ìdajì ayé òun sí ìkáwọ́ obìnrin yìí láìmọ̀, òun fúnra òun kò tọ́jú nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé: ta ni aládùúgbò wọn? Orin wo ló ń kọ fún Ṣèyí nígbà náà? Ó ń sọ ọ́, kò sì wu Bùsàrí kó dákẹ́. Ìgbà tí sìkiọ́rítì wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ ni wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

"Ẹ máa rántí o," Àjíkẹ́ wí. "Ibi tí agbára mi gbé e dé rèé."

Ọdún kejì, wọ́n tún ya àwòrán orí rẹ̀. Àrùn náà rọra ń lọ ni, àmọ́ ó ń lọ. Àjíkẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, Ṣèyílọ́lá sì padà wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Bùsàrí kò gun òrùlé mọ́. Àjíkẹ́ ṣì mọ ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ máa ń bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu nígbà mìíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, Ṣèyílọ́lá ti gbé oúnjẹ fún Bùsàrí, ó ti jẹ, ó ti fọwọ́. Àjíkẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bíi ti tẹ́lẹ̀. "Bàbá Ṣèyí, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá," Bùsàrí wí. "Mi ò tíì jẹ nǹkan kan."

Àjíkẹ́ dìde, ó wọ ilé ìdáná. Bùsàrí ń gbọ́ ìró ìkòkò àti ṣíbí níbi tó jókòó sí, ó sì ń fọkàn bẹ̀ ẹ́ pé kó má tètè ṣe tán.