Fítámì Ìlú Òyìnbó Orí Kọ́bọ́ọ̀dù Mi

Ìró hóró oògùn nínú ìgò ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bó ti wù kí n rọra gbé ìgò náà tó, yóò dún ṣaka-ṣaka, ẹ̀rù á sì bà mí pé gbogbo ilé ti gbọ́. Àdúgbò Àgùdà ni mo ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ìparí ọ̀rúndún tó kọjá ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ju orí mi lọ láyé. Afínjú ni mí. Bí mo bá lọ ṣòkòtò mi tán, ojú ìlọ̀ rẹ̀ lè gé iṣu.

Ṣùgbọ́n ṣòkòtò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní ìdí mi. Mo rù, mo wúkọ́, mo mu àgbo títí ó fi sú mi, kí n tó lọ bá dókítà kan ní Yaba tó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ fún mi pé kòkòrò tó ń fa éèdì wà lára mi. Láyé ìgbà náà, àrùn kògbóògùn ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ mọ́ ènìyàn, àwọn ará àdúgbò á ti máa wo olúwarẹ̀ bí òkú tó ń rìn. Oògùn tó ń dènà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò wà fún irú mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London ló sá sókè sá sódò, tó ń fi í rán ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ wá sílé.

Dókítà náà fún mi ní òfin. Agogo méje àárọ̀, agogo méje ìrọ̀lẹ́, ojoojúmọ́. Kí n má fo ọ̀kan. Kí n má pín in fún ẹnikẹ́ni. Kí n má dín in kù kó lè pẹ́. Bó bá ku díẹ̀, kí n wá sọ kó tó tán. Ó ní irú oògùn yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ara ènìyàn dín kù, nítorí náà kí n máa wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù, kí n sì máa ka hóró tó kù ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà, bí ọmọ iléèwé tó rò pé òun ti mọ ìdáhùn. Èmi tíṣà ìṣirò, ta ni yóò kọ́ mi ní kíkà?

Ọgbọ́n orí mi ló kó bá mi. Mo wò ó pé bí ẹnikẹ́ni bá ka orúkọ ara ìgò oògùn yẹn, mo gbé. Mo bá da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò fítámì kan tí wọ́n ya ọsàn sí lára, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní gbangba. Ohun tí a bá fi pamọ́ ni ènìyàn ń wá, mo wí fún ara mi. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sí ara mi nínú dígí.

Irú ilé tí mò ń gbé ni mo gbàgbé. Oògùn kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé wa. Èyí tó ṣẹ́kù lára oògùn ibà ọmọ télọ̀ òkè ni wọ́n fi tọ́jú ọmọ awakọ̀ ìsàlẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, yóò kanlẹ̀kùn aládùúgbò bí ìgbà tó ń tọrọ iyọ̀. Ìyá onílé wa, opó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló ń bá wa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, nítorí òun ló máa ń wọlé pa fèrèsé bí òjò bá ṣú tí a ò sí nílé. Òun náà ló kọ́kọ́ rí i pé ẹran ti ń padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Tíṣà, o ti ń yọ o. Kí lò ń jẹ tí àwa ò jẹ?"

"Fítámì ni, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti London."

"Fítámì London! Olúwa á bá wa bù kún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ka hóró oògùn, mẹ́sàn-án dín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní àfàìmọ̀ kí n má ṣì í kà. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́rìnlá tún ti lọ. Ojú tì mí láti lọ sọ fún dókítà pé ìṣirò dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé èyí tó kù kò ní tó kí oníṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Mo bá ń mu ẹyọ kan lóòjọ́ dípò méjì. Mo tún ń pe ìyẹn lọ́gbọ́n.

Bí mo ṣe ń múra ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti máàkì ìwé ni ìyá onílé fara ti ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní òòyì ń kọ́ òun lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín bí ìyá tó mú ẹran nínú ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀.

"Má bínú o, Tíṣà. Mo ti ń bù lára fítámì ẹ. Ṣebí ọmọ lo jẹ́ sí mi. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ti lóyún, èébì ò jẹ́ kó gbádùn. Mo ti ṣa díẹ̀ pamọ́ fún un, ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e lọ. Bí o bá lè bá mi fi díẹ̀ sí i…" Ó fọwọ́ kan kókó etí ìró rẹ̀.

Irọ́ mìíràn ti wà lẹ́nu mi: kí n ní fítámì náà ti bàjẹ́, kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Àgùdà á ti gbọ́, iléèwé á gbọ́, n ò ní rílé, n ò ní ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n òòyì ti ń kọ́ ọ. Bí ó bá lọ sí ilé ìwòsàn, ta ni yóò sọ ohun tó ń mu fún wọn? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ikú ara ẹni ni wọ́n sì ń wí. Wọn ò ní ká fi ìyá oníyàá bo ẹ̀sín tiwa mọ́lẹ̀.

Mo ní kó jókòó. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ pé kì í ṣe fítámì, mo sì sọ ohun tó jẹ́, mo dárúkọ àrùn náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹnu ara mi.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "O sì jẹ́ kí n máa mu ún."

"N ò mọ̀ pé ẹ̀ ń mu ún, mà."

"Mo bi ọ́. O ní fítámì ni."

Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó to hóró mọ́kànlá sórí tábìlì mi, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde. Ọwọ́ tó nù yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo bẹ̀ ẹ́ ká jọ lọ bá dókítà mi. Ó gbà. Iwájú ọkọ̀ ló jókòó sí, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún mi. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ó ti dín kù díẹ̀, òun ò sì lè búra pé ọwọ́ oògùn náà kò sí níbẹ̀. Ó ní bí kò bá tún mu ún mọ́, yóò bọ̀ sípò. Ó fara balẹ̀ sọ fún un pé a kì í kó àrùn náà láti ara abọ́, ife tàbí bíbọ ọwọ́. Ó da hóró mọ́kànlá tí mo kó dání náà nù, ó ní ohun tó ti wọ etí ìró kò padà sínú ìgò mọ́. Ó ní kí n dá oògùn padà sínú ìgò tó ni ín, tòun ti orúkọ rẹ̀, kí n tì í mọ́ inú àpótí. Ìgbà tó gbọ́ pé mò ń mu ẹyọ kan lóòjọ́ ló wá bínú.

"Bí o bá ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ò ń kọ́ kòkòrò náà bí yóò ṣe borí oògùn ni. Ṣebí tíṣà ni ẹ́?"

Mo rí i tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ìyá onílé, ó yára fi iborùn bò ó. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo lọ pe ẹ̀gbọ́n mi lórí tẹlifóònù. Ó sunkún, ó bú mi, ó sì rí ẹni fi oògùn rán kí tọwọ́ mi tó tán.

Síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé mi sínú páálí. Mò ń retí ìgbà tí wọ́n máa ní kí n jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹnì kan gbá fèrèsé mi.

"Tíṣà! Agogo méje ti lù. Ṣé o ti jẹun?"

Mo fẹ́ẹ̀ sọ pé kì í ṣe agogo méje ni mo máa ń jẹun, kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mo ṣí àpótí, mo gbé ìgò, ó dún ṣaka-ṣaka. Ìyá onílé kò kúrò ní ìdí fèrèsé títí ó fi gbọ́ ọ. "Ó dáa," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní agogo méje ìrọ̀lẹ́, ó tún dé. Báyìí ló ṣe ń ṣe fún gbogbo ọdún tí mo lò nínú ilé rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí télọ̀ òkè bi í pé kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan ló ń bi léèrè oúnjẹ nínú gbogbo ayálégbé, ó ní èmi nìkan ni kò níyàwó.

Ìyá náà ti lọ sinmi. Orí mi ti funfun, oògùn mi ti di ẹyọ kan lóòjọ́, mo sì ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Fóònù lè dún láti rán mi létí, ṣùgbọ́n n ò ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oyún tó ń mú ọmọ ìyá náà bì nígbà náà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ti di ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Yaba. Lórí ibùsùn àìsàn ni ìyá rẹ̀ àgbà ti sọ fún un pé kó máa pe Tíṣà ní agogo méje àárọ̀, kó máa bi í bóyá ó ti jẹun, kó má sì bèèrè ìdí. Kò bèèrè rí. Bí ó bá pè, kí n tó dá a lóhùn, mo máa ń gbé ìgò náà sí ẹnu fóònù, mo sì ń mì í kó dún dáadáa.