Káàdì Tí Wòsílátù Kọ́ Sórí

Bí ẹ bá dé Lotto ní Mowe lónìí, tí ẹ béèrè Wòsílátù télọ̀, wọn á ti nawọ́ sí sọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ Ìwó ni. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti gbé máṣíìnì kan ṣoṣo dé, tó gba yàrá kan, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Máṣíìnì yẹn ló fi tọ́ Hàkímù ọmọ rẹ̀ títí ó fi wọ yunifásítì. Ẹnu rẹ̀ mú, n kò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju bí ẹnu ṣe mú lọ, ìyẹn ni àdúgbò fi ń fara dà á.

Obìnrin yìí fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ẹgbẹ́ Aṣèrànwọ́ ni wọ́n ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á pàdé nínú kíláàsì kan, wọ́n á jẹ ẹ̀pà, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbèrò ohun tí wọ́n máa ṣe fún ìlú. Gọ́tà kan tó dí pa ní Ibafo, àwọn ni wọ́n fi ṣọ́bìrì kó o. Òfin ẹgbẹ́ kò pọ̀, àmọ́ ọ̀kan le: ohun tí a bá kó wá fún ará ìlú, ọmọ ẹgbẹ́ ló máa kẹ́yìn. Wòsílátù ló máa ń pariwo òfin yẹn jù.

Kí ẹ wá gbọ́ ohun tó ń fi pamọ́. Ó ti tó ọdún kan tí ojú rẹ̀ kò ti rí ohun tó wà nítòsí dáadáa mọ́. Ọ̀ọ́kán kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀bù kó dá ẹni tó ń sọdá títì márosẹ̀ mọ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ló di ọ̀tá rẹ̀. Á na abẹ́rẹ́ títí ọwọ́ á fi gùn dópin, á máa ti òwú bọ ibi tí kò sí ihò. Ó ti ń kọ iṣẹ́ léèsì, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí àdúgbò bá gbọ́ pé télọ̀ kò ríran, ta ló máa gbé aṣọ wá? Kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ kó awò ojú ọgọ́rùn-ún kan lọ sí Magboro, fún àwọn tí ojú wọn kò gbé ìwé mọ́. Folúkẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ojú, ló ń yẹ ojú wò. Wòsílátù ló ń fi káàdì lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ kí wọ́n kà á. Ìlà àkọ́kọ́ tóbi, ìlà ìsàlẹ̀ rí tíntìntín: "Ewúrẹ́ Bàbá Àdìó ti wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó lé e." Kí oòrùn tó kàtàrí, Wòsílátù ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn tó ọgọ́rin ìgbà.

Nígbà tí ará ìlú tán, awò mẹ́rin ṣẹ́ kù. Alàgbà Ògúnbọ̀dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́, ní ó wá kan ọmọ ẹgbẹ́ wàyí. Folúkẹ́ fa àga kan síwájú.

"Ìyá Hàkímù, ẹ wá jókòó mà."

"Ojú tèmi? Kí ló ṣe ojú tèmi? Ẹ wá ẹlòmíràn."

"Ẹ ṣáà bá mi kà á mà."

Ó jókòó, ó gba káàdì, ó nà án jìnnà, ó sì ka ìlà ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò: "Ewúrẹ́ Bàbá Àdìó ti wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó lé e." Kò kọsẹ̀ rárá.

Mùtíù oníbúlọ́ọ̀kù, tí kì í dákẹ́ nípàdé, yọjú wo káàdì láti ẹ̀yìn Wòsílátù, ó sì di ikùn mú.

"Ẹ ṣeun mà," Folúkẹ́ wí. "Àmọ́ ẹ̀yìn káàdì ni mo yí sí yín. Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja ló wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Wòsílátù fẹ́ bínú, ó tiẹ̀ la ẹnu, àmọ́ ẹ̀rín gbé òun náà, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Iṣẹ́ mi ni mò ń bẹ̀rù fún," ó wí. "Òfin sì ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn."

"Kẹ́yìn la sọ," Alàgbà Ògúnbọ̀dé dáhùn. "A ò sọ pé kó má kàn yín rárá."

Folúkẹ́ fi awò sí i lójú. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti béèrè bóyá ó bá a mu, báàjì àyà rẹ̀ sì wá sí iwájú ojú Wòsílátù gan-an. Báàjì roboto ni, ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú ló wà láàárín, wọ́n sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ yí i ká ní wínníwínní, lẹ́tà yẹn nìkan ló sì ń fi òkè rẹ̀ hàn. Wòsílátù ló rán an mọ́ ẹ̀wù Alàgbà.

"Alàgbà, báàjì yín dorí kodò."

"Ó dorí kodò lóòótọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti rán an."

Oṣù mẹ́ta. Alàgbà ti wọ̀ ọ́ lọ sí ààfin, ó ti wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, kò sì sí ìpàdé kan tí kò wọ̀ ọ́ wá. Wòsílátù yíjú sí Mùtíù.

"Ìwọ náà mọ̀?"

"Gbogbo wa la mọ̀ mà."

"Pẹ̀lú ẹnu rẹ yìí?"

"Ó nira fún mi gan-an mà."

Wòsílátù nawọ́, ó ní, "Alàgbà, ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn." Bàbá bọ́ ọ, ó jókòó sórí àga pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo Magboro. Wòsílátù tú báàjì náà. Ó yọ abẹ́rẹ́ nínú pọ́ọ̀sì, ó fi itọ́ tọ́ òwú, ó tì í, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó fà á yọ. Ó tún tì í, ó tún wọlé. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó dùn mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó kán an lójú.

Nígbà tó rán an tán, ó gbé ẹ̀wù náà sókè, ó sì ka orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí ó fi yí báàjì náà ká. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ ló fi kà á.