Ọkàn Màlúù Tí Bàbá Mi Là Fún Ọmọ Ayálégbé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Bódìjà ò tíì kún tó báyìí, kò sí ọmọ alápatà kan nínú ọjà wa tó mọ ọ̀bẹ lò tó èmi. Mi ò fọ́nnu o. Ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ mi tó ṣì wà láyé. Ìwé mẹ́fà lásán ni mo kà, mi ò tiẹ̀ kà á délẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ kan itan màlúù, mo ti mọ ibi tí eegun ti pàdé. Ìsọ̀ kan ni bàbá mi fi sílẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ di mẹ́ta. Ẹ jẹ́ n wí tèmi ná.

Bàbá mi ní àṣà kan. Màlúù tí a bá kọ́kọ́ pa láàárọ̀, wọn kì í ta ọkàn rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣiṣẹ́ jù lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa ń fún, ìyá mi á wá fi ata àti iyọ̀ ra á lára, wọ́n á sun ún lórí ẹyín iná. Ta lẹ rò pé ó ń gbà á? Èmi ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á kàn máa wo ẹnu mi ni.

Ọmọbìnrin kan wà nílé wa ní Àgbowó nígbà náà. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló gba yàrá lọ́wọ́ bàbá mi. Ó kéré sí mi, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ sì máa ń bà á tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó tẹ̀lé ìyá mi wá sọ́jà. Bàbá mi gbé ọkàn àkọ́pa kalẹ̀, mo ti na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé e fún mi, ni ọmọ yìí bá yọjú láàárín ìka tó fi bojú, ó ní, "Bàbá, kí nìyẹn ń ṣe nínú màlúù?"

Bàbá mi tẹjú mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo àwa ọmọ wọn. Wọ́n mú ọ̀bẹ kékeré, wọ́n la ọkàn tó tọ́ sí mi, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí i fún un. Ibí ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, ibí ló ń gbà jáde. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí, ilẹ̀kùn ni, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá, kì í jẹ́ kó padà. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ fọwọ́ kàn án! Wọ́n wá fi ewé wé e, wọ́n ní kó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀.

N ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ máa ní ẹran lásán ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran. Ojú tí bàbá mi fi wo ọmọ yẹn ni. Wọn ò fi wò mí rí, pẹ̀lú gbogbo ọ̀bẹ tí mo mọ̀ ọ́n lò.

Bàbá mi ò dàgbà kí wọ́n tó lọ. Tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ wọn á wú. A ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n di àyà mú nídìí ìsọ̀, ó parí náà nìyẹn. Àwọn ará ọjà ní ayé ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àrùn ọkàn.

Ọmọ ayálégbé yẹn ti di nọ́ọ̀sì àgbà báyìí. Láti ilé ìwé kan sí òmíràn ló ń lọ, tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nípa àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún tó kọjá, ó kan ilé ìwé ọmọ mi obìnrin. Tíṣà wọn wá sí ìsọ̀ mi, ó fẹ́ ra odindi ọkàn kan. Mo bi í pé ta ló fẹ́ fi kọ́ni. Bó ṣe dárúkọ ọmọ télọ̀ yẹn báyìí, mo kẹ̀yìn sí i. Mo ní, "Tíṣà, ọkàn ti tán." Bẹ́ẹ̀ ó ń wò ó níbi tí mo fi kọ́! Ó rọra kọjá sí ìsọ̀ òdìkejì.

Nígbà tí ọmọ mi dé nírọ̀lẹ́, kò tiẹ̀ tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù tó ti bẹ̀rẹ̀. "Dádì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì mà láyà o! Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ọkàn!"

Mo ní, "Òun kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ adìẹ ló máa ń lé e wọ yàrá."

"Ọkàn tí tíṣà rà ló bà á jẹ́. Alápatà yẹn ti fi ọ̀bẹ là á káàkiri kí ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ lè dà nù, a ò rí ilẹ̀kùn kankan. Àǹtí ní bàbá alápatà kan ní Àgbowó ló kọ́kọ́ fi ilẹ̀kùn náà han àwọn, pé ọ̀bẹ tiwọn kì í ya ilẹ̀kùn."

Ẹ gbọ́ o. Bàbá mi ni wọ́n ń ròyìn fún ọmọ mi, ẹnu ẹlòmíì ló sì ti gbọ́ ọ! Owú yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Bàbá bàbá rẹ nìyẹn." Ó wo ẹsẹ̀ mi tó wú. Ó wá ní, "Dádì, Àǹtí ní ẹni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wú, kó tètè lọ yẹ ara ẹ̀ wò. Ẹ̀yin nìyẹn."

"Ara mi le bí irin."

"Ṣé ara bàbá yín ò le ni?"

Ó yẹ kí n fọ́ ọ létí. Ọwọ́ mi ò gbé.

Mo lọ yẹ ara mi wò, ṣùgbọ́n mo kọjá ọsibítù tí nọ́ọ̀sì yẹn wà, mo gba ọ̀nà Challenge lọ sí ọsibítù mìíràn. N ò lè na apá fún un kó wá máa ka ẹ̀jẹ̀ mi fún mi. Dókítà ibẹ̀ so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ga tó báyìí tó ṣì ń dá gbé itan màlúù, òun ò rí i rí. Mo ní, ṣebí ẹ ti wá rí i. Kò rẹ́rìn-ín. Oògùn tó fún mi, ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó títí dòní.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún padà wá sílé ìwé wọn lọ́dún yìí, n ò dúró de tíṣà. Mo fọwọ́ ara mi yọ ọkàn tọrùntọrùn, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, n ò fi ọ̀bẹ la inú rẹ̀, mo gbé e dé kíláàsì. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ bá wa là á." Mo là á bí bàbá mi ṣe là á nígbà yẹn. Ilẹ̀kùn kan ò ya. Àwọn ọmọ pariwo, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi. Ni ọmọ mi bá nawọ́ sókè níwájú, ó ní, "Dádì, tí ilẹ̀kùn yìí ò bá padé mọ́ ńkọ́?"

N ò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ló dá a lóhùn, owú sì tún jẹ mí díẹ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú tí mo fi ń wo ọmọ mi nígbà yẹn. Mo ti rí ojú náà rí, lọ́jọ́ Sátidé kan.

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ti yí. Láyé tiwa, ẹni tó bá mọ ọ̀bẹ mú ló ń jẹ ọkàn àkọ́pa. Nídìí ìsọ̀ mi lónìí, ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ló ń gbà á. Ata wà lára ẹ̀ dáadáa bíi tàtijọ́. Iyọ̀ ni a ti yọ kúrò.