Ọlọ́dẹ Méjì fún Kọ̀ǹpútà Kan

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bébà, níbi tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ti ní àgádágodo méjì. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó lè dá wọlé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé òfin náà wálé. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé bí obìnrin yìí bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, yóò kọ́kọ́ bi áńgẹ́lì pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́.

Àwọn kan ní ojo ni. Wọn kò sọ ọ́ re. Ojo a máa sá. Obìnrin yìí kì í sá, ńṣe ló máa ń dúró wo ẹni tó ń bọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ìfura ni tirẹ̀, ìfura sì loògùn àgbà.

Ohun tó ń ṣọ́ nínú kọ̀ǹpútà ilé wọn kì í ṣe kékeré. Olórí akọrin ni ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun. Láti ìgbà náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dún ketekete, inú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìgbàlejò ni wọ́n wà. Wọn kò sí níbòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àkọlé pupa kan yọ sójú kọ̀ǹpútà náà: kọ̀ǹpútà yín ti kó fáírọ́ọ̀sì, ẹ tẹ ibí, a ó wò ó sàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

"Ta ló sọ fún un pé kọ̀ǹpútà wa ń ṣàìsàn?" ó bi ọkọ rẹ̀. "Dókítà tó ń kan ilẹ̀kùn kiri, tó ń béèrè aláìsàn, òun gan-an làìsàn."

"Tẹ̀ ẹ́ ká wò ó," ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rín ń yọ lójú rẹ̀.

"Ẹ má dán mi wò o, Bàbá!"

Ó fa wáyà yọ lára ògiri. Ó mọ̀ pé irọ́ ni àkọlé náà ń pa, ṣùgbọ́n bí olè bá ti mọ ojú ọ̀nà ilé ẹni, ó di dandan kéèyàn wá ọlọ́dẹ tí yóò máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tẹ àbúrò ọkọ rẹ̀ láago.

"Ọkọ mi, ẹ ǹlẹ́ o. Ańtífáírọ́ọ̀sì wo lẹ̀ ń lò?"

Ìyẹn dárúkọ ọ̀kan, ó ní ó dára, ọ̀fẹ́ sì ni.

"Ọ̀fẹ́? Kí ni wọ́n wá ń jẹ?"

"Àwọn wo, ìyàwó wa?"

"Àwọn tó ṣe é. Ọlọ́dẹ tí kò gba owó oṣù, tó sì ń sanra, ẹ bá mi wádìí oúnjẹ rẹ̀."

Àbúrò ọkọ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi fóònù rẹ̀ ṣe ìwádìí tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé kan yin ańtífáírọ́ọ̀sì olówó kan bí ẹni ń yin ọmọ ara rẹ̀. Ó yí i wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé àwọn ń jẹ èrè lórí èyíkéyìí tí àwọn bá bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é tà.

"Ẹ ò rí i? Alágbàtà tí í sọ ọjà di ọ̀wọ́n."

Kò gba ti ọ̀fẹ́ gbọ́, kò gba ti olówó gbọ́. Kí ló wá ṣe? Ó ki wáyà bọ ògiri padà, ó gbé àwọn méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí ọ̀kan máa ṣọ́ ilé, kí èkejì máa ṣọ́ ọlọ́dẹ.

Àwọn ọlọ́dẹ náà kò mọ ara wọn rí. Èyí rí ìyẹn tó ń tú fáìlì wò, ó ní olè ni. Ìyẹn rí èyí tó ń tọ òun lẹ́yìn, ó ní ọ̀daràn ni. Kọ̀ǹpútà gbóná, ó ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀, ó wá dúró gbagidi. Nígbà tó tún mira, ibi tí orin wà ti ṣófo.

Ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó wò ó. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gan-an kò jáde.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì. Bó ti jókòó, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

"Màmá, èémí yín ń fẹ́ sí mi lọ́rùn."

"Jẹ́ kó máa fẹ́. Kí lo fẹ́ fi fláàṣì yẹn ṣe?"

"Orin Bàbá ni mo fẹ́ dà kọ síbẹ̀ bí mo bá rí i. Ohun iyebíye kì í gbé ibì kan ṣoṣo, mà." Ó yẹ inú kọ̀ǹpútà wò, ó mi orí. "Ẹ̀yin lẹ dá ìjà yìí sílẹ̀. Ti ọ̀fẹ́ ló kó orin sí àtìmọ́lé."

"Kí lorin ṣe fún un?"

"Ó rí i tí èkejì ń fọwọ́ kàn wọ́n, ló bá fura sí wọn."

Obìnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó.

"Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ," atúnkọ̀ǹpútàṣe ní. "Èwo lẹ fọkàn tán?"

"Kò sí. Kọ́kọ́ lé ti olówó, kí n wo ìṣe rẹ̀."

Ó lé e. Ti olówó lọ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n tú orin sílẹ̀ lọ́wọ́ ti ọ̀fẹ́, wọ́n dà á kọ sórí fláàṣì, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ sì gba fláàṣì náà kó tó tutù. Wọ́n wá ní kí ti ọ̀fẹ́ náà máa lọ. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé ṣé ó dá wọn lójú? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ewu ńlá ń bọ̀ o! Ó tún béèrè.

"Lé e," obìnrin náà ní. "Òṣìṣẹ́ tí mo ní kó máa lọ, tó wá ń dẹ́rù bà mí, nǹkan kan wà tó ń wá nílé mi. Èyí tó lọ wọ́ọ́rọ́ yẹn ni kó o pè padà."

Nígbà tí ohun gbogbo tò, wọ́n tẹ orin àkọ́kọ́. Ohùn ọkùnrin kan gba gbogbo yàrá náà. Ọkọ rẹ̀ di etí àga mú, ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orin náà láìdún.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyí? Wọn ò pààrọ̀ yín?"

"Èmi ni," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omi dúró lójú rẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe gbé àpò rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

"Jókòó," Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ní. "A ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán lójú rẹ."