Ìbúra Tí Jùbrílù Ṣe Lórí Àwo Kan

Bí Jùbrílù bá kírun Àsùbáà tán, kì í tètè dìde lórí ẹní. Oríkèé ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń ka ọpẹ́. Ó ń dúpẹ́ lórí ìyá bàbá rẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀ Yorùbá dé Súdáànù, tó wọkọ̀ ojú omi sọdá Òkun Pupa, tó dé Mẹ́kà, tí kò sì padà mọ́. Ó ń dúpẹ́ lórí èbúté Jẹ́dà, níbi tó ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ń dúpẹ́ lórí Múríkàtù ìyàwó rẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lórí Hikmah, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń wá ọmọ. Oríkèé karùn-ún ni ti Abdulrahim, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni Jùbrílù fi fo oríkèé yẹn.

Abdulrahim kò jí nǹkan rẹ̀, kò sì parọ́ mọ́ ọn. Ilé kan náà ní àdúgbò Bàgídádíyà ní Jẹ́dà ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń lọ. Jùbrílù ló ń yẹ èdìdì ara kọ̀nténà àti nọ́ńbà rẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣí i, Abdulrahim ló ń gbé ìwé ẹrù kiri ọ́fíìsì. Ohun tó dé sáàárín wọn ni ìdìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ tí àwọn òbí wọn àgbà ti wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Jùbrílù tíì dé ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ibà sì dá a gúnlẹ̀ fún méjì nínú rẹ̀. Kò ní káàdì ìdìbò. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, orí Wátsáàpù ló ti mọ orúkọ gbogbo wọ́ọ̀dù ibẹ̀ bí ẹni mọ Fátíhà. Ẹni tí kò ní ìka kan tó lè tẹ̀ sórí ìwé ìdìbò ló fi ọwọ́ méjèèjì ja ìjà rẹ̀.

Ẹni tó di gómìnà ni tirẹ̀. Àlàájì Màrúf, ẹni tó fìdí rẹmi, ni ti Abdulrahim. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, Abdulrahim kọ ọ́ sí gúrúùpù àwọn Yorùbá Jẹ́dà pé olè ni Gómìnà, ìbò ló jí gbé. Jùbrílù gbé fóònù sẹ́nu, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù náà níwájú ènìyàn tó lé ní àádọ́rùn-ún, ó ní: “Mo fi Ọlọ́run búra, ọmọ mi kò ní wọ ilé Abdulrahim, àfi lọ́jọ́ tí Gómìnà àti Màrúf bá tọwọ́ bọ àwo kan náà.”

Ó rò pé òun ti sọ pé àfi bí òkun bá gbẹ ni. Bẹ́ẹ̀, Hikmah àti Mutaz, ọmọ Abdulrahim, ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán. Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì. Gbólóhùn kan ló dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Múríkàtù ló pe Habeebullah, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn tó wá láti ilé, tó ń kàwé ní Mẹ́kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, “Bàbá, ó rọrùn. Ẹ bọ́ tálákà mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ìbúra yẹn sílẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé ẹni tó bá búra, tó wá rí ohun tó sàn ju ohun tó búra lé lọ, kó ṣe èyí tó sàn, kó san ìtánràn.”

Jùbrílù ní, “Èmi kì í sọ̀rọ̀ kí n tún pa á dà.”

Oúnjẹ ènìyàn mẹ́wàá. Ohun tí ìkòkò ìrẹsì kan lè tú nìyẹn. Ọdún méjì nínú ayé ọmọ rẹ̀ ló yàn láti fi dípò rẹ̀, kò sì sí àwáwí kankan tó lè bò ó.

Hikmah kò sunkún. Ilé ìtajà oògùn kan ní Ṣàráfíyà ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti dé, á po tíì bàbá rẹ̀, á gbé e síwájú rẹ̀. Ohunkóhun tí bàbá bá sọ, èdè Lárúbáwá ló fi ń dá a lóhùn: “Ṭayyib, Bàbá.” Ó ti gbọ́ náà nìyẹn. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Ìbá sàn fún Jùbrílù kí èébú wà níbẹ̀.

Ní èbúté, òun àti Abdulrahim kò kí ara wọn mọ́. Abdulrahim á ní, “Nọ́ńbà?” Jùbrílù á ní, “Ó pé.” Gbogbo ọ̀rọ̀ òòjọ́ wọn kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún yìí pé ogún ọjọ́, Gómìnà tú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ká. Ó ní ìjọba tuntun tí òun ń gbé kalẹ̀, tọ̀tún-tòsì ni yóò wà nínú rẹ̀. Orúkọ kẹta lára àwọn kọmíṣọ́nà tuntun ni Àlàájì Màrúf. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé bí ìbò tí wọ́n ní wọ́n jí ṣe wá di ìbò tí wọn kò jí. Lọ́jọ́ kẹta, fọ́tò kan dé sórí gúrúùpù. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti wá ṣe Úmúrà pọ̀. Wọ́n jókòó sórí ẹní kan ní Mẹ́kà, ọwọ́ wọn wà nínú àwo ìrẹsì àti ẹran kan náà.

Hikmah gbé fóònù wá síwájú bàbá rẹ̀. Jùbrílù wo fọ́tò náà, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

Ó ní, “Ẹ̀rọ ló ṣe èyí. Ayé ìsinsìnyí, ẹ̀rọ lè gbé ràkúnmí sórí òrùlé.”

Múríkàtù dáhùn láti ilé ìdáná. “Bàbá Hikmah, ṣé ẹ̀rọ náà ló fi ìrẹsì sí Màrúf nírùngbọ̀n?”

Jùbrílù fẹ ojú fọ́tò náà títí, ó ń wá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń wo èdìdì nìyẹn. Èdìdì tí wọ́n já tí wọ́n tún dà pọ̀ máa ń ní ojú àpá, bó ti wù kí ó kéré tó. Kò rí ojú àpá kankan. Ó gbé fóònù sílẹ̀. “Èmi ò fọwọ́ sí èdìdì tí mi ò fọwọ́ kàn.”

Hikmah bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. “Ẹ lọ fọwọ́ kàn án nígbà náà, Bàbá. Mutaz ti ríṣẹ́ sí Dàmámù. Bí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán, ó ń lọ. Tí wọn ò bá so yìgì kó tó lọ, ó parí nìyẹn, àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ti bá a wá ẹlòmíràn. Mi ò ní bínú sí yín. Ẹ kàn jẹ́ kí n mọ èyí tí mo máa bá kú.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ásárì, Jùbrílù wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà. Kí á má purọ́ fún ara wa: ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún lójú ọ̀nà ni pé kí fọ́tò náà jẹ́ ayédèrú. Ọmọ rẹ̀ ń retí nílé, òun sì ń gbàdúrà kí ohun tí ọmọ ń retí má ṣẹ, nítorí kí ènìyàn àádọ́rùn-ún má baà fi í rẹ́rìn-ín.

Habeebullah pàdé rẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì dúró sí, ó sì mú un lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí Gómìnà àti Màrúf dé sí. Bí wọ́n ti ń rìn, ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá fojú ara yín rí i, ìbúra yín ti tú. Ẹnu yín lẹ fi dè é, ohun tí ẹnu yín dá ló tú u. Ẹ ò jẹ ìtánràn kankan.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Bàbá. Ìdúpẹ́ ló kù.”

Habeebullah fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ.

Ẹni tí Jùbrílù kọ́kọ́ rí nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì náà ni Abdulrahim. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan pẹ̀lú jálàbíà tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó gbé àpò dàbínù lé itan.

“Ìwọ náà wá wò ó,” ni Abdulrahim wí.

“Gómìnà mi ni mo wá kí.”

“Gómìnà ẹ ò mọ̀ ẹ́. Mo ti pàdé Màrúf tèmi lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, ‘Àlàájì, èmi ni Abdulrahim ti Jẹ́dà, tó ń jà fún yín lórí gúrúùpù.’ Ó ní mo ṣeun, kí n bá òun gbé omi Sàmúsámù lọ sókè.”

Jùbrílù wo ilẹ̀ kí ẹ̀rín má baà já mọ́ ọn lẹ́nu. “O gbé e?”

“Páálí mẹ́rin.”

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Màgáríbì. Jùbrílù fọwọ́ bọ àpò, kò rí nǹkan kan. Ìbínú ló fi kúrò nílé, kò mú ohun tí yóò fi ṣínu. Abdulrahim kò wò ó. Ó kàn ti àpò dàbínù náà sáàárín àwọn méjèèjì. Jùbrílù mú ẹyọ kan, ó ní “Bísímílàí,” ó jẹ ẹ́. Wọ́n kírun léjìká-léjìká, bí wọ́n ti ń kí i láti kékeré.

Nígbà tí wọ́n sálámà, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá ńlá tó wà lápá òsì. Gómìnà àti Màrúf wà níbẹ̀. Àwo pẹrẹsẹ ńlá kan wà láàárín wọn. Gómìnà já ẹran, ó gbé e síwájú Màrúf. Màrúf sọ nǹkan kan, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín bí ọkọ àti ìyàwó ojú ọ̀nà.

Jùbrílù wọlé tọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ dá a dúró, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n funfun wúlò fún nǹkan.

Gómìnà ní, “Ẹ kú ààwẹ̀ o, Bàbá. Ará ibo ni yín?”

“Ará Jẹ́dà, sà.”

“A dúpẹ́.”

Ọwọ́ Gómìnà kún fún òróró, nítorí náà ọrùn-ọwọ́ ló nà sí i, bí wọ́n ti ń ṣe ní ìlú náà. Jùbrílù kò gba ọrùn-ọwọ́. Ọwọ́ gan-an ló dì mú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yí sí Màrúf, ó di tirẹ̀ náà mú. Lẹ́yìn náà ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Òróró kan náà, ata kan náà. Ìrẹsì pupa kan lẹ̀ mọ́ ọn láti ọwọ́ ti àkọ́kọ́, òmíràn láti ọwọ́ ti èkejì. Èdìdì méjì, nọ́ńbà kan. Ó pé.

Wọn kò béèrè orúkọ rẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti padà sídìí ẹran wọn.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ náà han Abdulrahim lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. “Òótọ́ ni.”

“Ṣebí mo ti sọ fún ẹ.”

“O ò sọ nǹkan kan fún mi. Omi lo gbé.”

Abdulrahim rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò. “Wọ́n tà wá, Jùbrílù.”

“Wọn ò tà wá. Ohun tí èèyàn bá mọ̀ pé òun ní ló ń tà.”

Wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Èyí tí a kì í fi kún un ni pé erin a máa jà tán, a máa lọ mu omi pọ̀ létí odò, koríko á sì kù síbẹ̀, á máa bá koríko jà. Jùbrílù fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Mutaz ńkọ́?”

“Ó ń di ẹrù.”

“Ní kó rọra máa dì í. Ẹrù èèyàn méjì ni.”

Abdulrahim so ẹnu àpò dàbínù rẹ̀. “Ọmọ ẹ dúró de ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ, mi ò tíì dárí jì ẹ́.”

“O lẹ́tọ̀ọ́ sí i.”

“Mọ́tò mi wà níta. Wá, jẹ́ ká máa lọ.”

Inú mọ́tò náà ni Jùbrílù ti pe ilé. Hikmah ló gbé e. Bàbá rẹ̀ ní, “Mo fọwọ́ kàn án.” Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣé, Bàbá,” ní Yorùbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Àsùbáà, ó ka oríkèé karùn-ún. Ó mọ̀ pé ọpẹ́ kan ṣì kù. Kò fẹ́ràn ìjọba tuntun náà. Kò gbà pé Gómìnà àti Màrúf parí ìjà nítorí ará ìlú, títí di òní kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ̀ láti là, àwo wọn ni Ọlọ́run fi là á. Lórí oríkèé kẹfà, ó dárúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, kíákíá, bí ẹni gbé àgbo jogbo mì. Ó sì ní alihamudulilai, ó sì tọkàn rẹ̀ wá.

Wọ́n so yìgì ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ní pálọ̀ Abdulrahim. Kó tó di ọjọ́ náà, Jùbrílù ní kí Múríkàtù se oúnjẹ ènìyàn mẹ́wàá. Habeebullah ní kò pọn dandan mọ́. Jùbrílù ní òun mọ̀. Abdulrahim bá a gbé ìkòkò náà lọ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí Bàgídádíyà, Hikmah sì ń bu ìrẹsì sí àwo fún àwọn tó ń gbálẹ̀ ìgboro. Nígbà tí ẹni kẹwàá gba tirẹ̀ tán, Jùbrílù bojú wo inú ìkòkò. Ìkòkò kan péré ni. Oúnjẹ sì tún ṣẹ́kù sínú rẹ̀.