Ẹyin Kì Í Mumi ní Bépanda

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹyin dọ̀bu mọ́ wa lọ́wọ́ kí Màámi tó di ẹrù wọn. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ká aṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò búlúù tí wọ́n gbé wá láti Ṣakí, wọ́n fa síìpù rẹ̀ pa, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "A ó tún kó ẹyin sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìyẹn náà ò bá pa, wá mọ́tò fún mi kí n máa lọ sílé mi."

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ilé tí wọ́n ń wí. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, Màámi nìkan ló ń gbé inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di ọjọ́ kejì kí aládùúgbò kan tó gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tí mo gbọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lẹ́bàá ọjà Marché Congo, mo wọkọ̀, mo lọ mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Bépanda, àdúgbò wa ní Douala. Mo búra pé wọn ò ní dá gbé mọ́.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká mú ènìyàn wá, ọ̀tọ̀ ni kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Màámi kò gbọ́ Faransé. Àwọn ọmọ mi tí mo bí sí Douala kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti yó." Bí mo bá ti lọ sọ́jà, tí àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, Màámi àti ògiri á máa wo ara wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí eyín wọn ni ọjọ́ tí a jọ lọ sí Marché Dakar, tí wọ́n rí ọ̀pìpì, adìẹ tí ìyẹ́ ara rẹ̀ kò tó nǹkan, tí wọ́n sì pariwo láàrin ọjà pé irú adìẹ tí ìyá àwọn ń sìn nìyí. Mo ra abo mẹ́ta àti àkùkọ kan. Láti ọjọ́ náà ni Màámi ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀pìpì ń yé dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ìyẹ́ tí yóò fi bo ẹyin kó móoru. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá ọmọ Ìbàdàn kan tó ń tún fìríìjì ṣe ládùúgbò wa. Ó sọ fìríìjì kan tó ti kú di ẹ̀rọ tí ń sàba: gílóòbù mẹ́rin fún ooru, fáànù kékeré kan, páànù omi nísàlẹ̀, àti tẹmómítà tó so kọ́ sínú. Couveuse ni àwọn ará ibí ń pè é. Màámi ní tiwọn pè é ní ìyá adìẹ oníná. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kí i kí wọ́n tó kí èmi.

Ogún ẹyin la kọ́kọ́ kó sí i. Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, òròmọdìẹ méjì jáde, ọ̀kan sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Màámi gbé èyí tó kù lé àtẹ́lẹwọ́.

Oníbìínú ni mí, mi ò ní purọ́. Mo gba ṣọ́ọ̀bù onífìríìjì lọ tààrà. Mo ní, "Ṣé ẹ̀rọ lo ṣe fún wa ni àbí pósí?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Àǹtí, doucement! Ẹ má pa mí o. Le courant ló ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tèmi ò ní àbùkù."

Ó tẹ̀lé mi wálé lóòótọ́. Ó so bátìrì mọ́ ẹ̀rọ náà kí ooru má bàa lọ nígbà tí iná bá lọ, ó sì fi tẹmómítà mìíràn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà. Ọkàn mi balẹ̀. A kó ẹyin méjìdínlógún sí i, à ń yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, a kò fi ọjọ́ kan ṣeré. Ẹyọ òròmọdìẹ kan péré ló jáde.

Ó kan àkùkọ. Mo ní ọ̀lẹ ni, pé kíkọ lásán ló mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi akọ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹyin wò ní ọjọ́ keje, a ti rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ nínú gbogbo rẹ̀ àfi méjì. Àkùkọ ti ṣe tirẹ̀. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ di òní.

Àwọn àgbà ní adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Èmi ò ní oògùn kankan tí adìẹ dà nù, síbẹ̀ mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń fọ́ ẹyin tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ohun tó pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti pé tán, wọ́n ní ẹnu, wọ́n ní èékánná, wọ́n ti hu irun. Omi sì ń ṣàn jáde láti ara wọn sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ti rìn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó kú. Mo sunkún níbẹ̀, èmi àgbàlagbà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màámi gbé àpò wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

A kó ẹyin mẹ́rìnlá sí i ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Gbogbo ìgbà tí mo bá gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá ni àpò búlúù yẹn ń wò mí.

Òjò ti ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá, irú òjò Douala tí kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti mu ún yó. Ní ọjọ́ karùn-ún tí ẹyin wọlé, mo fẹ́ se ọbẹ̀, mo ṣí ike iyọ̀, omi ni mo bá nínú rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ tí mo sá sínú yàrá láti ọjọ́ mẹ́ta kò tíì gbẹ, ó ń rùn. Inú bí mi. Mo di ike iyọ̀ mú, mo ń wá ẹni tí màá jágbe mọ́.

Màámi ni mo bá. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ dání, wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń wọ́n ọn sára ẹyin, wọ́n sì ń bá ẹyin sọ̀rọ̀: "Ẹ mu. Ẹ mu díẹ̀, òùngbẹ á ti gbẹ yín."

Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti ń rí i láti kékeré. Ní Ṣakí, bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí ilẹ̀ ń sán, àwọn obìnrin ilé wa máa ń wọ́n omi sára ẹyin lábẹ́ adìẹ, kí awọ inú ẹyin má bàa gbẹ mọ́ ọmọ lára. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún onífìríìjì pé páànù omi kan ò tó, kó sọ ọ́ di méjì. Mo wo ike iyọ̀ ọwọ́ mi. Mo wo abọ́ omi ọwọ́ wọn. Ara mi tutù wàì.

Ẹyin ní láti gbẹ díẹ̀, kí àyè lè wà ní ìdí rẹ̀, ibi tí ọmọ yóò ti kọ́kọ́ mí kó tó fọ́ èèpo. Ní Ṣakí, afẹ́fẹ́ a máa mu omi inú ẹyin lámujù. Ní Douala, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti mumi yó. A sì tún ń fún ẹyin lómi. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn rì sínú omi ni.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹni tó ti di ẹrù sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣé èmi ni màá sọ fún un pé ìfẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe ìpalára? Mo jókòó tì wọ́n lórí ilẹ̀.

"Màámi, ẹ wo iyọ̀ yìí."

"Ta ló da omi sí i?"

"Kò sẹ́ni tó da omi sí i, Màámi. Afẹ́fẹ́ ibí ni."

Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n wo ògiri tí omi ń sun lára rẹ̀, wọ́n wá wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé ọwọ́ mi ló ń pa wọ́n?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo ti tò sílẹ̀ sá lọ. Mo ní, "Ọwọ́ àwa méjèèjì ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé páànù méjì sí i. Ọyẹ́ Ṣakí la gbé wá sí Douala, Màámi."

Mo rò pé wọ́n á sunkún. Wọ́n fi imú rẹ́rìn-ín. "Ọyẹ́ wo ni yóò dé ìlú tí olú ń hù nínú bàtà?" Wọ́n dìde, wọ́n da omi inú abọ́ gba ojú fèrèsé jáde, wọ́n pàṣẹ pé kí n yọ páànù méjèèjì kíá.

Láti ọjọ́ náà, Màámi gbé ọwọ́ wọn lé itan, wọ́n ń wo ẹyin láìfọwọ́ kàn án àfi láti yí i. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wọn. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù fàlà yí ìdí ẹyin ká, ibi tí àyè náà dé. Bí a bá tún fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àyè náà ti kọjá ìlà. Àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wò ó pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Màámi ní kí n dá páànù kan padà pẹ̀lú omi ìsàlẹ̀ ife, kí awọ inú ẹyin lè rọ̀ fún àwọn tó fẹ́ jáde, kí á má sì yí ẹyin mọ́, kí á má ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, wọ́n á ké mọ́ ọn pé kó fi í sílẹ̀: "Laisse!" N kò mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Faransé àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi nìyẹn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Mo ń lọ aṣọ oníbàárà kan nígbà tí ọmọbìnrin mi sáré wọlé, "Maman, ça parle!" Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kó jó aṣọ olówó. Lóòótọ́, ẹyin ń sọ̀rọ̀. A gbọ́ ọ láti ìta ẹ̀rọ, ohùn kékeré, fíín, fíín, a sì rí ẹyin kan tó ń mì. Nígbà tó fi di ọ̀sán, mẹ́rin ti jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti di mọ́kànlá.

Ara tù mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ fúyẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré.

Mo kó àjákù aṣọ láti inú àpò iṣẹ́ mi láti tẹ́ ẹ sínú páálí fún àwọn òròmọdìẹ. Màámi ní rárá, òwú ara rẹ̀ á wé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fa àpò búlúù jáde, wọ́n ṣí i, wọ́n yọ ìró kan tó ti gbó, wọ́n sì tẹ́ ẹ fún wọn. Mo dúró. Ojú mi wà lára síìpù, mò ń retí kí wọ́n fà á pa.

Wọn kò fà á. Wọ́n gbé aṣọ mìíràn sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fajú ro. Wọ́n wá kó gbogbo aṣọ inú àpò náà jáde sórí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní, "Wá ibi tí màá fi aṣọ mi kọ́ sí. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ nínú àpò ní ìlú yìí, wọ́n á bu."

Mo lọ wá ìṣó àti òòlù.